Orí Lọ́tọ̀, Ẹsẹ̀ Lọ́tọ̀

Ṣé èèyàn ò lè fẹ́ràn ẹyẹ kí èjìká rẹ̀ má yẹ̀ ni?

Lẹ́ǹsì mi, 150-600 mm, ju kílò méjì lọ. Ẹ fi kámẹ́rà kún un, ẹ wá nà án sókè, kí ẹ máa wo orí igi. Kò ní pẹ́ tí apá yóò fi máa gbọ̀n bíi ti ẹni tí ibà ń ṣe. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé lẹ́ǹsì àwọn olówó ń fọn sí i. 600 mm f/4 tí Canon ṣe ní 1999 ju kílò márùn-ún lọ; èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2018 kò ju kílò mẹ́ta àti díẹ̀. Ẹni tó lówó láti gba ọmọ tí yóò bá a ru ẹrù, òun ni wọ́n ń bá dín ẹrù kù!

Wọ́n ní tí lẹ́ǹsì bá ti gùn tó 600 mm, kí èèyàn yára yàwòrán, ó kéré tán ní ìdá kan nínú 600 ìṣẹ́jú-àáyá, kó má baà ṣe bàìbàì. Inú igbó wo ni mo ti fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ló bá di kí n ra ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé. Mo délé, mo tú u, kò lórí. Mo pe ẹni tó tà á fún mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ lẹ rà. Orí lówó tiẹ̀ lọ́tọ̀."

Ó ní orí tí wọ́n ń pè ní gimbal ni lẹ́ǹsì ńlá ń fẹ́, èyí tó máa ń di ìbàdí lẹ́ǹsì mú, tí èèyàn á fi lè máa fi ìka kan yí i kiri. Ó dárúkọ iye rẹ̀. Mo bi í pé orí ta ni.

Mo gbé ẹsẹ̀ mi, mo fi orí kékeré kan tí mo ní tẹ́lẹ̀ sí i, ó di igbó IITA n'Ìbàdàn. Awakọ̀ Micra gba owó ẹrù. Ẹni tó jókòó tì mí ń fà sẹ́yìn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ẹnu ìbọn yẹn sọ́dọ̀ ara yín."

Ẹyẹ tí mo ń wá ni Malimbus ibadanensis, ìbátan ẹ̀ga, dúdú tó ní pupa lórí àti láyà. Onímọ̀ ẹyẹ kan, Elgood, ló kọ́kọ́ júwe rẹ̀ fáwọn onímọ̀ ní 1958, kò sì sí níbòmíì láyé àfi gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ọmọ ilé wa ni, ṣùgbọ́n kò dúró kí mi. Kí n tó na ẹsẹ̀ kẹta sínú ẹrẹ̀, ó ti lọ. Orí kékeré náà yọ̀, lẹ́ǹsì dorí kodò, díẹ̀ ló kù kó gé mi níka.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má dààmú. Ó ní ní ọgbà ẹranko igbó Kruger, ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí wọn kì í jẹ́ kéèyàn ṣàdédé bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, àpò ẹ̀wà ni wọ́n ń gbé sójú fèrèsé, wọ́n á gbé lẹ́ǹsì lé e, á dúró digbí. Àpò òfìfo ni wọ́n tiẹ̀ ń gbé wọ bàálù. Tí wọ́n bá gúnlẹ̀ ni wọ́n ń ra ohun tí wọ́n á rọ sí i. Ọkọ̀ dà lọ́wọ́ mi? Síbẹ̀ mo rán àpò, mo rọ olóyin kún un, mo gbé e sójú fèrèsé yàrá, mo dojú kọ àwọn ẹ̀ga inú ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé. Áà! Àwòrán mọ́ débi pé mo ń rí koríko tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu wọn. Kò pẹ́ sí i, kòkòrò ń jáde lójú rírán, wọ́n ń rìn lórí lẹ́ǹsì.

Ìyàwó mi wọlé. "Bàbá Tóbi, ẹ mọ iye tí kóńgò olóyin kan jẹ́? Ẹ wá fi ṣe tìmùtìmù fún ẹ̀rọ!"

Nígbà tí mo fi ti ibi iṣẹ́ dé, àpò ti di pẹlẹbẹ, òórùn epo àti àlùbọ́sà ti gba ilé. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo jẹ ẹ́. Ó dùn. Ìyẹn gan-an ló tún dùn mí.

Ni mo bá gba kámú, mo pe ẹni tó ń ta orí padà. Ó ní òun á bá mi dín in díẹ̀. Mo dúpẹ́. Ó ní kí n má gbàgbé o, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń so lẹ́ǹsì mọ́ orí náà, òun náà ní owó tiẹ̀ lọ́tọ̀.