Ta Ló Sọ Bẹ́ẹ̀?

Kí omi tí mo gbé kaná tó hó, wọ́n ti pa gbólóhùn àkọ́kọ́ tí mo kọ sórí Wikipedia rẹ́.

Gbólóhùn tó rẹwà ni. Mo ní: “Gẹ́gẹ́ bí àyẹ̀wò tí èmi fúnra mi ṣe, ẹrẹ̀ inú odò Ọ̀ṣun ti pọ̀ kọjá ààlà.” Mo wá fọwọ́ sí i nísàlẹ̀: orúkọ mi, oyè ọ̀mọ̀wé mi, ẹ̀ka tí mo ti ń kọ́ni. Ó ku díẹ̀ kí n lẹ fọ́tò pásípọ́ọ̀tù mọ́ ọn.

Ẹ má bínú sí mi. Ọmọ Iléṣà ni mí, onímọ̀ kẹ́mísìrì sì tún ni mí. Ọ̀kan péré nínú méjèèjì ti tó láti sọ ènìyàn di agbéraga.

Òṣogbo ni mo ti ń kọ́ni, omi sì ni mo ń yẹ̀ wò. Látìgbà tí àwọn awakùsà ti ya bo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà nítorí wúrà, ní Ìtagúnmódì àti àyíká rẹ̀, ni ẹrẹ̀ ti ń wọ inú àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn lọ bá Ọ̀ṣun. Odò tí orísun rẹ̀ wà ní Ìgèdè-Èkìtì, tó ń rin ìrìn àjò kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, wá ní àwọ̀ tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Lọ́dún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn kí wọ́n má mu omi náà, bẹ́ẹ̀ omi yìí gan-an ni àwọn olùjọsìn ń bù mu lásìkò ọdún Ọ̀ṣun. Mo ti bu ú sínú ìgò láìmọye ìgbà. Mo mọ omi yìí. Ta ló tún fẹ́ kọ́ mi?

Ẹni tó pa á rẹ́ fi àlàyé ṣókí sílẹ̀ pé àwọn kì í gba ìwádìí tara ẹni. Mo wá lọ ka òfin wọn, ohun tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ ṣe. Wikipedia, tí Jimmy Wales àti Larry Sanger dá sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2001, kò fẹ́ mọ ohun tí ìwọ fi ojú ara rẹ rí. Ohun tí ẹlòmíràn ti tẹ̀ jáde níbi tó ṣe é fọkàn tán ni kí o mú wá. Bí mo bá rí i pé oòrùn ti yọ, àfi kí n lọ wá ìwé ìròyìn tó sọ pé ó yọ. Nídìí sáyẹ́ǹsì, ohun tí wọ́n kọ́ mi ni pé kí n má gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ títí n óò fi wọn nǹkan náà fúnra mi. Níbí, wíwọ̀n tí mo wọ̀n ọ́n gan-an lẹ̀ṣẹ̀ mi.

Mo ní kò burú, ṣebí mo ti tẹ iṣẹ́ náà jáde nínú jọ́nà. Mo padà lọ, mo fi jọ́nà náà ṣe ìtọ́kasí. Ọwọ́ mi wá dùn. Mo wo ojú ìwé tó sọ nípa omi mímu, mo fi iṣẹ́ mi kan síbẹ̀. Mo wo ti òjé, mo fi òmíràn síbẹ̀. Nígbà tó fi máa di alẹ́, orúkọ mi ti wà lójú ìwé tó sọ nípa kànga. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí wọ́n fi fa gbogbo rẹ̀ tu, tí wọ́n sì kìlọ̀ fún mi pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń polówó ara rẹ̀.

Ẹlòmíràn ìbá sinmi. Èmi rò pé bí n kò bá ti dárúkọ ara mi, ìjà parí nìyẹn, ni mo bá da odindi ìpínrọ̀ kan kọ láti inú iṣẹ́ mi. Wọ́n ní mo jí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Mo ní èmi ni mo kọ ọ́! Wọ́n ní kí n wo ìwé tí mo fọwọ́ sí nígbà tí jọ́nà gbà á. Mo tú dúrọ́ọ̀ mi títí mo fi rí i: ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé ló ni ẹ̀tọ́ àdàkọ, kì í ṣe èmi. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tó bá ti wọ Wikipedia gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni lè mú lò, tó tiẹ̀ lè tà, bó bá ṣáà ti sọ ibi tó ti mú un, tó sì fi àṣẹ kan náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Báyìí ni mo ṣe di olè tó jí ẹrù ara rẹ̀. Ìyàwó mi bi mí bóyá ẹlẹ́rù náà ti fẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Wọ́n lé mi nídìí omi, mo bá forí lé ilé. Ojú ìwé Iléṣà ni mo kàn. Mo kọ ọ́ pé ìlú náà lókìkí ju gbogbo ìlú lọ, pé àwọn ọmọ rẹ̀ tẹpá mọ́ṣẹ́ ju gbogbo ọmọ Yorùbá yòókù, pé kò sí ibi tí iyán ti dùn tó ibẹ̀. Òótọ́ pọ́nńbélé ni. Ẹnìkan wá lẹ ìbéèrè tíńtín mọ́ ìdí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo lè fara da ti òkìkí. Ti iyán ló dùn mí wọ egungun. Mo kọ ọ́ sí abala Ọ̀rọ̀, níbi tí wọ́n ti ń jiyàn, pé kó dìde wá sí Iléṣà kó wá tọ́ ọ wò. Ó dáhùn pé bí òun bá tọ́ ọ wò, ìyẹn náà yóò di ìwádìí tara ẹni.

Mo wá pinnu pé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ ìtàn gan-an ni n óò lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà ní Iléṣà, tó bá ti jókòó síta, bí ẹ bá bá a dá ọ̀rọ̀ Ògèdèǹgbé sílẹ̀, ẹ máa jẹun alẹ́ níbẹ̀ ni. Ó sọ ọ́ fún mi látòkèdélẹ̀: ìgboyà ọkùnrin náà, bó ṣe ṣáájú ọmọ ogun Èkìtìparapọ̀, bó ṣe padà wálé wá jẹ oyè Ọbańlá. Èmi fi ọdún 1910 tó kú kún un. Ní ibi ìtọ́kasí, mo kọ ọ́ pé: “Ẹnu Bàbá ni mo ti gbọ́ ọ, níta ilé wa.” Wọ́n bi mí pé ṣé òǹkàwé mìíràn lè lọ yẹ orísun náà wò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sí wàhálà, kí ó ṣáà ti mú obì dání.

Wọ́n yọ Bàbá kúrò. Ìwé tí wọ́n ní kí n lọ lò ni Ijeshas and Nigerians, tí J. D. Y. Peel kọ, tó jáde ní 1983. Òyìnbó ará Britain ni Peel, ìwé rẹ̀ sì dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Mélòó nínú àwa ọmọ onílé ló lè jókòó kọ irú rẹ̀? Ṣùgbọ́n mo ṣí i, mo wò ó bóyá inú ìwé nìkan ló ti rí ìtàn wa. Rárá o. Ó wá sí Iléṣà, ó jókòó ti àwọn àgbà, ó bi wọ́n léèrè. Bí Bàbá bá sọ̀rọ̀ fún mi, àhesọ ni. Bó bá sọ ọ́ fún Peel, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Cambridge, ó di ìmọ̀.

Mo ṣàlàyé èyí fún Bàbá. Ó dákẹ́ díẹ̀.

“Òyìnbó yẹn ńkọ́, ṣé ó ṣì wà?”

Mo ní ó ti kú lọ́dún 2015, Bàbá.

“Háà! Ta wá ni wọ́n ń bi báyìí?”

Kì í ṣe ilé wa nìkan lọ̀rọ̀ yìí ti ń dunni. Lọ́dún 2011, ọmọ Íńdíà kan, Achal Prabhala, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ohùn àwọn ènìyàn sílẹ̀ ní Íńdíà àti Gúúsù Áfíríkà, wọ́n fi ohùn wọn ṣe ìtọ́kasí fún ohun tí kò sí nínú ìwé kankan. Àríyànjiyàn tó dá sílẹ̀ kò kéré. Ní tèmi, òfin ìtọ́kasí kò burú, torí láìsí i, irú mi ni yóò máa kọ gbogbo rẹ̀. Ó kàn ń ṣe mí bíi pé ẹni tó ṣòfin náà kò ní ẹ̀gbọ́n bàbá ni.

Ti ogun Kírìjì, tí Èkìtìparapọ̀ bá Ìbàdàn jà, ẹ jẹ́ kí n sáré sọ ọ́. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà lé lórí lọ́jọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, síbẹ̀ tó tún di 1893 kí àwọn jagunjagun tó tú ká tán, kò sẹ́ni tó lè là á mọ́lẹ̀ pé òun borí. Mo kọ ọ́ pé àwa la borí. Ẹnìkan yí i padà. Mo yí tirẹ̀ padà. Mo lóṣòó ti ojú ìwé yẹn bí òṣómàáló tó wá sin gbèsè aṣọ, òun náà kò sì lọ sùn. Mo ní ọmọ Ìbàdàn nìyí, kò lè jẹ́ ẹlòmíràn. Mo tiẹ̀ bú Látóòsà, olórí ogun Ìbàdàn, fún un. Lórí Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì, bí ènìyàn bá yí iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn padà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lójú ìwé kan láàárín wákàtí 24, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Wọ́n tì í mọ́ mi. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ará Jámánì ni ọ̀tá mi, kò sì dé Ìbàdàn rí.

Ìgbà tí mo wà níta ni mo kó lọ sí Wikipedia Yorùbá. Àlàáfíà! Ojú ìwé tó wà níbẹ̀ lé ní 30,000, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju ìlà kan tàbí méjì lọ, àwọn tó ń ṣọ́ ọ kò sì pọ̀. Mo dá ojú ìwé kan sílẹ̀ láìmọ̀ pé ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ láìní àmì ohùn. Ẹnikẹ́ni kò bá mi wí. Mo gbé ọ̀rọ̀ iyán mi wá, ó dúró. Mo kọ nípa igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO fi sára ohun ìní gbogbo ayé ní 2005, àti Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, ará Austria tó fi ọ̀pọ̀ ọdún mọ ère síbẹ̀, tó sì kú ní 2009. Hẹ́kítà 75 ni igbó náà. Ìka mi yọ̀, mo tẹ 750, mo sì lọ jẹun. Oṣù ń gorí oṣù, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ọ̀rọ̀. Mo ní mo ti mọ iṣẹ́ nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá kọ prójẹ́ẹ̀tì lórí ìdọ̀tí tó ń wọ inú igbó Ọ̀ṣun. Ó ṣírò iye tó kan hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan, èsì rẹ̀ fi hàn pé ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo wá ibi tó ti ṣìnà títí mo fi bá a. Mo fi báírò pupa yí 750 ká, mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo gba máàkì kúrò, mo ránṣẹ́ pè é.

“Níbo lo ti rí nọ́ńbà yìí?”

“Wikipedia Yorùbá ni, sà.”

“Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Ohun tí aláìníṣẹ́ kan jókòó sílé rẹ̀ kọ…”

“Ẹ jẹ́ kí n wo ẹni tó kọ ọ́, sà.”

Ó fa fóònù yọ, ó tẹ ibi tí wọ́n kọ Ìtàn sí. Ọmọ yìí mọ ibi tí Ìtàn wà! Mo ní kó má ṣèyọnu, kò gbọ́.

“Ẹnìkan tó ń jẹ́ ỌmọỌwáGidi ni, sà.” Ó tẹ orúkọ náà, ó ń ka iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. “Òun náà ló kọ ọ́ pé kò síyán tó dà bíi ti Iléṣà.” Ó mi orí. “Ó jọ pé kò kàwé, sà.”

Mo ní ó ṣeé ṣe.

Mo dá máàkì rẹ̀ padà, mo ní àánú ló ṣe mí. Lóru ọjọ́ náà, mo yọ́ wọlé, mo yọ òdo kan kúrò lára 750, mo fi UNESCO ṣe ìtọ́kasí, mo sì yọ́ jáde láìkọ ìdí àtúnṣe sílẹ̀. Orúkọ oníṣẹ́ àti wákàtí tó ṣe é, gbogbo rẹ̀ ni Ìtàn ń kọ sílẹ̀, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀; oorun ló ń kùn mí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá ìfiránṣẹ́ kan lójú ìwé ọ̀rọ̀ oníṣe mi. Mo mọ orúkọ ẹni tó fi í síbẹ̀, torí ó wà lẹ́yìn prójẹ́ẹ̀tì tó wà lórí tábìlì mi.

“Ẹ kú àbọ̀, oníṣe tuntun. Ẹ kú iṣẹ́ lórí igbó Ọ̀ṣun. Nígbà mìíràn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa kọ ìdí tí ẹ fi ṣe àtúnṣe. Bí ibì kan bá rú yín lójú, ẹ má tijú, ẹ bi mí, n óò kọ́ yín.”

Mo ronú lọ, mo ronú bọ̀, mo fèsì pé: “Ẹ ṣeun, sà.”