Ojú Yó, Etí Ń Bèèrè

Ní 2013, iléeṣẹ́ Toei ní Jàpáánì gbé fíìmù Harlock jáde, ìtàn ajalèlókun kan tí kì í wọ òkun, gbalasa òfuurufú ló ti ń jalè. Shinji Aramaki tó darí rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà ya gbogbo rẹ̀, ó kù díẹ̀ kéèyàn lè ka irun orí Harlock, ọ̀gá ajalèlókun náà. Arcadia ọkọ̀ rẹ̀ ń rú èéfín dúdú, agbárí ràgàjì ló wà níwájú rẹ̀. Òǹwòran lanu. Ṣùgbọ́n bi wọ́n pé ta ló da ta, kí ló dé tí wọ́n ń jà? Wọ́n á ní àwòrán yẹn mà dára o! Ojú kan ṣoṣo ni Harlock ní. Àwọn olójú méjì ni ò rí ìtàn.