Ìdájọ́ Àgbà lórí Iná Ẹ̀yìn Bẹ́ńsì

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sórí tábìlì, kó mú un kúrò níbẹ̀, abọ́ ọbẹ̀ la fẹ́ gbé síbẹ̀. Ẹ yí ìràwọ̀ Bẹ́ńsì ara kọ́kọ́rọ́ náà dojú bolẹ̀ nínú àpò yín, ẹ fetí sílẹ̀.

Wọ́n ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ nítorí pé èmi ni mo dàgbà jù nínú ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá tó wà ní Marcory ní Abidjan níbí. Ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ fún ìkómọ, ìsìnkú àti owó àjọ ti wá di ẹgbẹ́ tí ń jiyàn lórí iná ẹ̀yìn ọkọ̀. Mo ti bá yín parí ìjà ilẹ̀ rí. Mo ti bá yín parí ìjà orogún, èyí tó le ju ti ilẹ̀ lọ. Ti iná ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí, n kò gbọ́ irú ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ní Èjìgbò. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í wà ní Marcory kí àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n máa bá ara wọn yodì nítorí gílóòbù.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ná. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, Mercedes-Benz ṣíjú E-Class tuntun fún aráyé, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní W214. W213 tó wà nílẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ti jáde láti 2016. Ọdún méje péré ni. Àwọn kan nínú yín ṣẹ̀ṣẹ̀ san gbèsè tiwọn tán ni, wọn kò tíì fi ṣe fáàrí tẹ́rùn tí wọ́n fi sọ ọ́ di ọkọ̀ àná mọ́ wọn lọ́wọ́.

Mo ti gbọ́ tẹnu yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ní ti 2016, àdúrà yín ni pé kí tuntun yìí jọ tiyín débi pé ẹni tó bá dúró lókèèrè kò ní lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tuntun, àdúrà yín ni pé kó yàtọ̀ débi pé ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá ní bulifáàdì tí a mọ̀ sí Giscard d'Estaing yóò fi ṣéńjì oníbàárà dání, yóò máa wò ó títí ọkọ̀ yóò fi rìn. Mọ́ṣáláṣí kan náà lẹ ti ń gba àdúrà méjèèjì, àwọn tó kù sì ń gbà á ní ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lódìkejì títì. Kí Ọlọ́run ṣe ti ta ni? Ohun tó tún burú jù ni pé ẹnì kan náà ló máa ń wà ní ìhà méjèèjì. Mo mọ ọkùnrin kan nínú yín, n kò ní dárúkọ rẹ̀, ó wọ aṣọ búlúù, tó ń bú ọkọ̀ yìí títí di ọjọ́ Ẹtì. Ó san owó àsansílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, àwọn òyìnbó yìí mọṣẹ́ o.

Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ dá ẹ̀ṣẹ̀ yìí sílẹ̀. Ní 1995, nígbà tí E-Class W210 jáde, iná róbótó mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe ojú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwa ti mọ Bẹ́ńsì mọ ojú onígun mẹ́rin méjì. Ariwo ta. Wọ́n ní ó jọ ọ̀pọ̀lọ́. Wọ́n ní kò sí ọmọlúàbí tó máa ń wo ènìyàn báyẹn. Nígbà tó yá, ojú mẹ́rin di iyì. Tí o bá wà lórí afárá De Gaulle lálẹ́, tí o bá rí ojú mẹ́rin nínú díńgí, o ti mọ̀ pé ó yẹ kí o yà. Ọdún ń gorí ọdún, ó di 2013, wọ́n tún W212 tó wà lóde nígbà náà ṣe, wọ́n pa ojú mẹ́rin pọ̀, ó di méjì. Àwọn tó ní ojú mẹ́rin kò dára ní 1995 gan-an ló tún gbéra nílẹ̀ pé kí wọ́n dá ojú mẹ́rin àwọn padà. Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé ọ̀pọ̀lọ́ ńkọ́? Ó ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn ti BMW náà kò sàn jù yín lọ. Ní 2001 tí 7 Series tuntun dé, tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ bọ́tìnnì kúrò, tí wọ́n fi kókó yíyí kan tí wọ́n ń pè ní iDrive rọ́pò wọn, àwọn oníbàárà fọwọ́ síwèé pé kí wọ́n lé Chris Bangle, olórí àwọn tó ń ya ọkọ̀ náà, kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wọn kò lé e. Ọkọ̀ náà sì tà.

Nípa tèmi, gbogbo Marcory ló mọ ibi tí mo dúró sí. Ọgbọ́n ọkọ̀ ṣíṣe parí sórí Bẹ́ńsì W123. Láti 1976 títí dé ìbẹ̀rẹ̀ 1986, wọ́n ṣe é tó mílíọ̀nù 2.7. 240D ti ìgbà tó kọ́kọ́ jáde, agbára ẹṣin 65 péré ló wà nínú ẹ̀ńjìnnì rẹ̀. Tí o bá tẹ iná mọ́ ọn ní Treichville, ó di Marcory kó tó gbọ́ ohun tí o wí. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ràn. Ará àdúgbò ráyè rí ẹni tó ń kọjá, ẹni tó ń kọjá náà ráyè dárúkọ wọn kí wọn, kó béèrè ara àwọn ọmọ, kó gbọ́ èsì. Ní ìlú Gíríìsì, awakọ̀ takisí kan wà tó ń jẹ́ Gregorios Sachinidis. Ó fi 240D ti 1976, ẹ̀gbọ́n W123, rin mílíọ̀nù 4.6 kìlómítà, kó tó gbé e fún Mercedes ní 2004 pé kí wọ́n lọ tọ́jú rẹ̀ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wọn. Ní ọdún 2004 yẹn kan náà, Mercedes ń pe ọkọ̀ tó tó 680,000 padà nítorí bíréèkì oníná tí wọ́n ń pè ní SBC, E-Class W211 sì wà lára wọn. N kò fi ìkan wé ìkan. Mo kàn ń ka ọdún ni.

Ọmọkùnrin kan béèrè lọ́wọ́ mi pé ẹ̀rọ amúlétutù W123 mi ńkọ́. Mo ní kó ṣí fèrèsé.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́rọ̀ wa. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè nípa ọkọ̀ tuntun, ẹ ò béèrè rẹ̀. Ẹ bi àwọn ìyá. Òrùlé ọkọ̀ ayé òde òní ń dà sẹ́yìn, ibi tí obìnrin ń jókòó sí gan-an ló sì ti ń rẹlẹ̀. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ ìkómọ tó kọjá nígbà tí ọ̀kan nínú yín gbé ìyàwó rẹ̀ dé. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, ẹsẹ̀ jáde, bàtà dára, lẹ́ẹ̀sì dára, ó wá ku orí. Orí kò jáde. Gèlè ti há sábẹ́ òrùlé láti Marcory Résidentiel, apá ọ̀tún rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, apá òsì sì nà síta láti júwe ọ̀nà Koumassi. Nígbà tí ìyá náà jáde tán, kò kí ẹnikẹ́ni, ó kàn wo ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà dúró sí ìhà kejì ọkọ̀, ó ń ṣàlàyé fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ojú gíláàsì orí dáṣíbọ́ọ̀dù tuntun yìí gùn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Nínú gbogbo ìwé tí wọ́n fi ń polówó ọkọ̀ yìí, ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ iye gèlè tó lè gbà, kí ẹ wá fi hàn mí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ ṣí búùtù, ẹ gbé pákó ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè. Níbi tí sípíà táyà máa ń wà láyé wa, ìgò oje àti ẹ̀rọ kékeré tí ń fẹ́ atẹ́gùn lẹ óò bá nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wakọ̀ lọ sílé nígbà ọdún, tí ẹ gba Noé bọ́ sí Elubo, tí ẹ la Gánà já, tí ẹ la Tógò àti Benin já kí ẹ tó dé ilẹ̀ Nàìjíríà, ìgò oje lẹ fẹ́ fi dé Èjìgbò? Ẹ kò béèrè. Iná ẹ̀yìn lẹ mọ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ti iná ẹ̀yìn, torí ohun tó kó wa jọ nìyẹn. Mercedes ya ìràwọ̀ sínú iná ẹ̀yìn W214. Apá kan nínú yín ní ó ti pọ̀jù, pé ẹni tó bá ní owó tòótọ́ kì í kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn. Apá kejì ní ìràwọ̀ tó ń dúró lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì kò sí lórí gbogbo wọn mọ́, pé lára àwọn kan inú gíríìlì ló wọ̀ lọ, nítorí náà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ san gbèsè iwájú. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí oorun fi dá lójú mi. Ìràwọ̀ iwájú, ẹni tó wà níwájú rẹ ló ń rí i nínú díńgí, ó sì lè yà. Ìràwọ̀ ẹ̀yìn, àwọn tó wà nínú takisí wôrô-wôrô àti bọ́ọ̀sì gbaka ló ń rí i, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Giscard d'Estaing, wọn kò sì níbi tí wọn yóò yà sí. Ó di dandan kí wọ́n wò ó. Ẹni tó ronú èyí jáde ní Jámánì, ọmọ Marcory ni, bí kò tilẹ̀ dé ibí rí.

Nítorí ẹ kò ra ọkọ̀ yìí fún ara yín. Ẹ má bínú. Ẹ ti sọ fún mi pé ìrọ̀rùn lẹ ń wá, pé ẹ̀yìn ń dùn yín. Ẹ̀yìn kì í mọ ọdún tí wọ́n ṣe àga. Ẹni tó wà níta lẹ ń retí kó sọ fún yín pé ọkọ̀ dé: ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, ìyá tó ń din ọ̀gẹ̀dẹ̀ alloco, àna yín, ọ̀tá yín. Wọ́n tún wá fi kámẹ́rà kan sórí dáṣíbọ́ọ̀dù tuntun yìí tó dojú kọ ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀, pé kó lè ya ara rẹ̀ ní fọ́tò, kó ṣèpàdé Zoom, kó wo TikTok nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Iṣẹ́ ará ìta ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn yẹn. Láti ọjọ́ tí Bẹ́ńsì ti délẹ̀ yìí, ará ìta ló ń wo ẹni inú rẹ̀, wọ́n sì ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo lọ wo àwọn ará ìta náà fúnra mi ní PlaYce, ilé ìtajà tí wọ́n ṣí sí Marcory ní 2015 tí ẹ kì í kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Mo jókòó sí ibi tí mo ti lè rí ẹ̀ṣọ́ tó wà níbi tí wọ́n ń páàkì sí. Ti 2016 wọlé, ẹ̀ṣọ́ náà gbọ́wọ́ sókè dé etí, ó ní bonjour patron. Ti 2023 wọlé, funfun báláú, ó gbọ́wọ́ sókè dé etí, ó ní bonjour patron. Ọwọ́ yẹn kò fi ìka kan ga ju ti àkọ́kọ́. Takisí kan wọlé, obìnrin kan tí ẹ̀ṣọ́ náà mọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ fi ọwọ́ méjèèjì gba ẹrù rẹ̀.

Àtúnṣe kan ṣoṣo tí mo rí tó mi ọlọ́kọ̀ jìgìjìgì ní Abidjan, Dakar ló ti wá. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n gé iye CFA sí méjì, fránkì Faransé kan tó jẹ́ 50 CFA lánàá di 100. Ọkọ̀ kò yí ojú, kò yí ìdí, owó rẹ̀ ló di ìlọ́po méjì. Mo rántí pé lọ́dún yẹn, ẹnikẹ́ni kò dá ẹgbẹ́ rú nítorí gílóòbù. Èyí tó bá já, a fi wáyà so ó.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ẹ kò ní bá wọn du tuntun, pé ẹ óò dúró kó di àlòkù tí a ń pè ní France au revoir kí owó rẹ̀ wálẹ̀, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Láti 2018, ìjọba Côte d'Ivoire kì í jẹ́ kí ọkọ̀ àlòkù tó bá ti ju ọdún márùn-ún lọ wọlé fún ìlò ara ẹni. Ti 2023, ó di 2028 kí ilẹ̀kùn tó tì mọ́ ọn. Ẹ dúró díẹ̀, ẹ má dúró jù. Ká ní W123 mi wà lẹ́yìn odi lónìí, wọn kò ní jẹ́ kó wọlé. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé òfin náà kù díẹ̀ káàtó.

Ìdájọ́ mi nìyí. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dárúkọ iná ẹ̀yìn mọ́ nínú ìpàdé yìí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé W214 dé òde ẹgbẹ́, búùtù rẹ̀ ni a óò máa kó kúlà ìrẹsì sí títí ọdún yóò fi yí po, ìyàwó rẹ̀ yóò sì jókòó níwájú, níbi tí gèlè ti lè mí. Àwọn ìyá ti fọwọ́ sí i. Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, kọ orúkọ òun náà: òun ni yóò máa san owó afárá Bédié fún gbogbo wa tí òde bá bọ́ sí Riviera.