Ìràwọ̀ Tó Ń Yọ Bọ̀ ní Ọjà'ba

Ìràwọ̀ tó ń yọ bọ̀ ni ọ̀dọ́ olórin tó ti ń múra àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ láti bí ọdún mẹ́ta, tí gbogbo àdúgbò sì ti mọ orúkọ àwo náà kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orin kan nínú rẹ̀. Ó pọ̀ ní ìgboro Ìbàdàn, pàápàá láàárín Bẹẹrẹ, Màpó, Ọjà'ba àti Bẹyẹrúnká, níbi tí ilé ti fara ti ilé débi pé ẹni tó bá ń dán ohùn wò nínú yàrá rẹ̀ ti ń ṣeré fún agboolé mẹ́rin láìgba kọ́bọ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ kì í dín ní 19, kì í sì í ju 26 lọ. Bó bá pé 26, ibẹ̀ ni yóò dúró sí fún ọdún mélòó kan.

Kò sí èyí tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ nínú wọn. Òmíràn ń ránṣọ, òmíràn ń gẹrun, òmíràn ń tún fóònù ṣe lábẹ́ agbòjò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, olórin ni yóò pe ara rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló rán ṣòkòtò tó wà nídìí ẹni tó ń bi í. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ ló kọ́kọ́ máa ń kó pamọ́. Oríkì rẹ̀ ló ń fi kọrin, àmọ́ ó ti gé orí rẹ̀ dànù, ó ti fi z méjì sí ìdí rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ owó bá sì wà lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń ṣe é, àmì dọ́là á gba ipò s. Ìyá àgbà tó fi oríkì ọ̀hún kì í láti kékeré kò lè pè é mọ́.

Ohùn kì í ṣe ìṣòro rẹ̀. Ilé kéwú tàbí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́ ọ, nígbà mìíràn méjèèjì, nítorí ilé Mùsùlùmí àti ilé Kìrìsìtẹ́nì kì í jìnnà síra wọn nínú agboolé Ìbàdàn. Orin wéré tí àwọn ọmọ fi ń jí àwọn aláàwẹ̀ sáàrì nínú oṣù Ramadan ló kọ́kọ́ kọ ní ìta gbangba. Kì í ṣe nǹkan kékeré ló ti inú wéré jáde. Láti ibẹ̀ ni fújì ti wá. Alhaji Sikiru Ayinde Barrister, ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n bí sí Èkó, wéré ló fi bẹ̀rẹ̀ ní kékeré; ó ṣiṣẹ́ ológun nígbà ogun abẹ́lé, nígbà tó sì ní ilé iṣẹ́ àwo tirẹ̀, Siky-Oluyole ló pè é, orúkọ tó tọ́ka sí ìlú rẹ̀. Láti inú wéré kan náà ni Alhaji Dauda Epo Akara, tó kú ní 2005, ti fa orin awúrebe yọ nínú Ìbàdàn níbí. Ìràwọ̀ tó ń yọ bọ̀ mọ gbogbo èyí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í pé ta ló ń wò ṣe àwòkọ́ṣe, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì àti ará Jàmáíkà kan ni yóò dárúkọ.

Bí wọ́n bá mú iná lọ tí bíìtì sì dákẹ́, wéré ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ohùn tó dára jù lọ tó ní nìyẹn, kò sì gbà á sílẹ̀ rí. Ó yẹ ká sọ pé ojú ti ń là díẹ̀. Láti ìgbà tí olórin Asake ti gbé àwo àkọ́kọ́ rẹ̀, Mr. Money With the Vibe, jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2022, tó sì gbé ohùn tó fi fújì ṣe ìpìlẹ̀ dé gbọ̀ngàn O2 ní Lọ́ńdọ̀n lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọmọ Ọjà'ba kò tijú fújì mọ́. Ó ń kọ ọ́ báyìí. Ọ̀dọ̀ Asake ló ti kọ́ ọ.

Sítúdíò rẹ̀ jẹ́ yàrá kan nínú ilé alámọ̀ tí wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́. Páálí ẹyin ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kí ariwo má baà wọlé, ìbọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi bo maikirofóònù lórí, bíìtì sì ni wọ́n gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Olóhùn àkọ́kọ́ nínú gbogbo orin ni prodúsà, tó ń pe orúkọ ara rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí, tó sì ń fi ariwo rẹ̀ borí ti olówó orin láàárín. Ẹ̀rọ Auto-Tune ni wọ́n fi ń tún ohùn ṣe. Andy Hildebrand, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà tó ti ń fi ìró wá epo rọ̀bì lábẹ́ ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, ló gbé e jáde ní 1997 fún àwọn tí ohùn wọn bá yẹ̀. Ọmọ tí ohùn rẹ̀ ti gún láti ilé kéwú ni wọ́n ń fi í tún ṣe ní Bẹẹrẹ, kí ó lè dún bíi ti ẹni tí ohùn rẹ̀ yẹ̀.

Wọ́n ń dá gbígbà ohùn dúró fún ìrun pípè mọ́ṣáláṣí mẹ́ta tí kì í pè lẹ́ẹ̀kan náà, fún jẹnẹrétọ̀ ilé kejì, àti fún ìyá oníyàrá tó ń béèrè owó oṣù méjì tí wọ́n jẹ. Àkùkọ kò ṣeé dá dúró. Bó bá ti kọ lásìkò, prodúsà á ní ó bá bíìtì mu, wọ́n á fi í sílẹ̀ nínú orin.

Ọ̀rọ̀ inú orin náà pín sí méjì, méjèèjì kò sì bára tan. Apá kìíní dá lórí Lẹ́kí ní Èkó, níbi tí ìràwọ̀ kò tíì dé àyàfi lórí fóònù. Ó ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ olówó ńlá, ọtí olówó ńlá àti ọmọbìnrin tí kò jẹ́ kó sùn, ní ohùn àwọn ọmọ Èkó. Gbogbo s tó bá fẹ́ já sí Ìbàdàn lẹ́nu rẹ̀ ni prodúsà ń ní kó padà lọ tún ṣe. Apá kejì ni orúkọ. Ẹ̀gbọ́n tó ń ta ọkọ̀ wà níbẹ̀, alága gáréèjì wà níbẹ̀, onílé ìtura wà níbẹ̀, àwọn kan sì wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí ènìyàn máa wádìí iṣẹ́ wọn.

Ogún ni orúkọ pípè, kò sì sí ẹni tó lè fi bú u. Nígbà tí àwo ṣì jẹ́ rọ́bà dúdú, ojú kan rẹ̀ kì í gbà ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ, àwọn àgbà olórin sì ń fi orin kan ṣoṣo kún un, tí wọ́n á máa ki olówó kan bọ́ sí òmíràn láìmí. Ṣùgbọ́n oríkì wà níbẹ̀, òwe wà níbẹ̀, ìtàn ìdílé ẹni tí wọ́n ń kì wà níbẹ̀. Ti ìràwọ̀ yìí kò ju orúkọ àti orúkọ ọkọ̀ lọ. Àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ fẹ́ràn láti máa rántí pé àwo àkọ́kọ́ Haruna Ishola, àgbà olórin àpàlà, pàápàá, èyí tó fi ki Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó ní 1948, kò tà. Òótọ́ ni. Ìgbà tó tún un ṣe ní 1955, lẹ́yìn tí Ọba náà wàjà, ni òkìkí rẹ̀ tó kàn. Ìràwọ̀ tó ń yọ bọ̀ kò lè lo ẹ̀kọ́ yìí, nítorí gbogbo ẹni tó kì ló wà láàyè, tí wọ́n sì ń jẹun dáadáa.

Bí àgbà kan bá ní ọ̀rọ̀ rírùn pọ̀ jù nínú orin rẹ̀, ó ní èsì kan tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: ọdún Òkè'Bàdàn. Lọ́jọ́ náà nínú oṣù Kẹta, ìlú yìí kan náà a máa kọrin nǹkan abẹ́ ní ojúmọmọ, tọmọdé tàgbà. Ohun tí kì í fi kún un ni pé àwọn eléré Òkè'Bàdàn kì í wo ojú olówó tàbí ìjòyè kí wọ́n tó bú u. Òun kò bú ẹnì kan rí, nítorí gbogbo ẹni tí ó tọ́ kó bú ló wà nínú apá kejì orin rẹ̀.

Ìgbà ìkéde ni àwo náà wà láyé ní tòótọ́. Orúkọ àwo kọ́kọ́ jáde, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni, nítorí àwọn tó ń bọ̀ wá gbọ́ ọ ní Kánádà. Lẹ́yìn náà ni àwòrán iwájú rẹ̀, tí wọ́n yà níwájú Gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n ṣí ní 1929, ìràwọ̀ fi ẹ̀yìn ti òpó ńláńlá àwọn òyìnbó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ọkọ̀ tí wọ́n yá fún wákàtí méjì. Fídíò tún ní ọjọ́ tirẹ̀. Wọ́n á fi dúróònù ya òrùlé páànù tó ti dípẹtà láti orí òkè Màpó títí dé ìsàlẹ̀, àwòrán tó dára tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo fídíò Ìbàdàn fi ń lò ó, bí àwọn ọmọ àdúgbò sì ti ń jó níwájú ilé onílé, ìyá ìràwọ̀ ń ta èlùbọ́ rẹ̀ lọ lápá ọ̀tún, wọ́n á ní kó sún díẹ̀.

Ọjọ́ ìjáde wà nínú gbogbo ìwé ìkéde, ó sì ń yí padà. Ó lè jẹ́ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó lè jẹ́ Iléyá, ó lè jẹ́ ìparí ọdún. Bí wọ́n bá ti ń sún un síwájú ni òkìkí rẹ̀ ń gbòòrò. Àwọn tó ń kí i lójú ọ̀nà á máa bi í pé ìgbà wo, òun náà á máa rẹ́rìn-ín. Kò sí ìgbà tó tún gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Lásìkò yìí ni mánéjà dé, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tó ní káàdì ìdánimọ̀ kí àdéhùn kankan tó wà. Olùyàwòrán dé, akọ̀wé tó ń dáhùn fóònù dé, ọmọkùnrin kan tó ń gbé báàgì lásán náà dé. Àwọn márààrún ń jẹ àmàlà lórí àwo tí kò tíì jáde.

Ìfilọ́lẹ̀ gbọdọ̀ wà. Gbọ̀ngàn Màpó ló kọ sínú ìwé ìpè, ṣùgbọ́n kánópì tí wọ́n ta sójú ọ̀nà nísàlẹ̀ òkè ni wọ́n ti ń ṣe é. Aago méjì ọ̀sán ni ìwé wí. Aago méje alẹ́ ni olùfilọ́lẹ̀ àgbà dé, òun náà sì rán àbúrò. Ohun tó ti bà á jẹ́ jù ni òfin. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ti sọ níná owó fún eléré di ẹ̀ṣẹ̀ tó ní ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6 tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000 nínú, tàbí méjèèjì, ṣùgbọ́n ojú lásán ni wọ́n fi ń wò ó ní òde ìnáwó, títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í rán gbajúmọ̀ lẹ́wọ̀n lórí rẹ̀ ní 2024. Báyìí, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú orin mẹ́ta á na fóònù sókè, á ní òun ti fi owó ṣọwọ́. Alága ètò á gbóṣùbà fún un. Nẹ́tíwọ̀kì ni wọ́n á di ẹ̀bi owó náà rù títí ọjọ́ kẹta.

Lẹ́yìn èyí ni àwo wá jáde, lóru, láìsí ẹni tó mọ̀. Ó wà lórí Audiomack, ó wà lórí Boomplay, ó wà lórí Spotify tó wọ Nàìjíríà ní oṣù Kejì 2021. Spotify kì í ka orin sí gbígbọ́ bí kò bá lo ìṣẹ́jú àáyá 30, láti 2024 sì ni orin tí kò bá tíì pé 1,000 ìgbọ́ láàárín oṣù 12 kì í ti gba kọ́bọ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ ìpolongo rẹ̀ kò ju pé kó máa pe ẹbí kiri lọ. Ẹ̀gbọ́n á fi orin sílẹ̀ lóru, àbúrò á fi sílẹ̀ lóru, fóònù ìyá ẹlẹ́lùbọ́ á máa kọ nípa Lẹ́kí fún ewúrẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Dátà tí ìyá rà fún un ju owó tí orin náà lè pa ní ọdún méjì lọ.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù tí kò gba dátà. Àwọn ọmọkùnrin tó ń kó orin sínú mẹ́mórì fóònù pẹ̀lú kọ̀ǹpútà wọn lẹ́bàá ọ̀nà kì í bi olórin kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà, tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù Kẹta 2023, lòdì sí i pátápátá. Ìràwọ̀ mọ òfin náà, ó tilẹ̀ fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ nígbà kan lórí rédíò. Àdúrà rẹ̀ lóru ni pé kí wọ́n jí orin òun kó.

Díẹ̀ nínú wọn yọ lóòótọ́. Orin kan péré nínú mẹ́rìnlá ló máa ń gbé wọn, tí ó sì máa ń jẹ́ èyí tí prodúsà kò fẹ́, níbi tí iná ti lọ tí ohùn wéré sì wọlé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á kó lọ sí Bódìjà, lẹ́yìn náà sí Èkó, á sì wá mọ Lẹ́kí. Àwọn tó pọ̀ jù kì í lọ síbì kankan. Wọ́n á padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n á máa ṣe alága ètò ní ìsọmọlórúkọ lópin ọ̀sẹ̀, níbi tí orúkọ pípè ti ń mówó wọlé ju bó ti ṣe nínú àwo lọ. Bó bá fi máa di ọdún karùn-ún, òmíràn á ti di mánéjà ọmọkùnrin kan nínú agboolé kan náà, ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ló sì ń gbà.