Amúkùn-ún Dé Ṣọ́ọ̀bù Mẹkáníìkì

Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní, "Òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀." Láyé àtijọ́, amúkùn-ún mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà, àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni ojú wọn ò tólẹ̀. Ti òde òní yàtọ̀. Ó ti ra Camry tòkunbọ̀, ó ti fi tẹ̀súbà kọ́ dígí, bí ẹnikẹ́ni bá sì bẹ̀rẹ̀ láti wo ìsàlẹ̀ fún un, onítọ̀hún ti tàbùkù rẹ̀ nìyẹn. Ẹrù tó wọ́ ni kí ẹ bá a wò, kí ẹ sì fún un lórúkọ òyìnbó.

Ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Ṣakí láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́, ẹ óò rí ohun tí mò ń wí. Alhaji jókòó sínú mọ́tò, ó yí kọ́kọ́rọ́: kìrì-kìrì-kìrì-kìrì. Mọ́tò ń kíìkì, kò sítáàtì. Kó tó yí i lẹ́ẹ̀kejì, ìgbìmọ̀ ti pé. Ọlọ́kadà ní bátìrì ni. Rìwáyà ní bíréènì-bọ́ọ̀sì, ọpọlọ mọ́tò, ni. Ìyá elélùbọ́ tó ń kọjá lọ ní kí wọ́n bi Alhaji wò bóyá òun àti ẹnì kan ní gbólóhùn asọ̀ nílé. Ẹnì kan ti gba ohùn ẹ́ńjìnnì náà sórí fóònù, ó ti fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ní Houston, àbúrò tí kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rí láyé rẹ̀ sì ti dáhùn pé gíá ni. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá epo wà nínú táǹkì.

Ta ló fẹ́ bi í? Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ dán an wò.

"Alhaji, ẹ má bínú o, ṣé epo wà níbẹ̀?"

"Èmi? Ṣé mo jọ ẹni tí kì í ra epo ni? O ò rí géèjì ni?"

Géèjì kẹ̀! Ohun fúyẹ́fúyẹ́ kan tó ń léfòó lórí epo nínú táǹkì ló ń sọ fún géèjì ohun tó máa wí. Ọjọ́ tó bá há sáàárín, géèjì á dúró sí ìlàjì, táǹkì á gbẹ táútáú. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń bí Alhaji nínú. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà kan tí kò tó 200 náírà fò kọjá 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, bíbi èèyàn pé ṣé epo wà nínú mọ́tò rẹ̀ ti dọ́gba pẹ̀lú bíbi í pé ṣé ó jẹun láàárọ̀. Àwọn ará ẹnubodè Òkèrètè nìkan ni mi ò rò pé wọ́n á bínú sí i. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, àwọn aṣọ́bodè pàṣẹ pé wọn ò gbọdọ̀ gbé epo lọ sí ilé epo tí kò tó kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Ẹni tó bá la ìyẹn já, epo ló máa kọ́kọ́ bi ọ́ kó tó kí ọ.

Kíìkì tí mọ́tò ń kíìkì yẹn, ẹ̀rí ni. Bátìrì ló ń gbé kíìkì-sítátà, òun ló ń yí ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí gírígírí, ẹ fi bátìrì lọ́rùn sílẹ̀ ná. Kí Cadillac tó gbé sítátà oníná jáde ní 1912, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i. Irin háńdù ò sì kúrò lára àwọn lọ́rí àtijọ́ tó ń kó iṣu Òkè-Ògùn lọ sí Ìbàdàn, fún ọjọ́ tí bátìrì bá kú. Ọmọ mọ́tò tó ń làágùn lórí irin yẹn mọ̀ pé yíyí ni tòun, jíjí ni ti ẹ́ńjìnnì. Kó tó jí, ó fẹ́ epo, ó fẹ́ iná lẹ́nu púlọ́ọ̀gì, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ tó fún pọ̀ dáadáa, kí gbogbo rẹ̀ sì bọ́ sásìkò. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Etí sì ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó ń hun aṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn máa ń mọ̀ látinú ìró òfì pé nǹkan ti ṣì, kó tó wo aṣọ. Bẹ́ẹ̀ ni bẹ́líìtì táímìn: bó bá já, kíìkì á máa sáré, á fúyẹ́, kò ní ní ìlù nínú mọ́. Ti epo náà, ẹ ṣí ìdérí táǹkì, ẹ gbé etí sí i, kí ẹnì kan máa kíìkì. Pọ́ǹpù tó yè á máa kùn. Bí ẹ ò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ wo fúúsì rẹ̀, ẹ wo rílèé, kí ẹ tó dá pọ́ǹpù lẹ́bi. Àmọ́ ìyẹn gba pé kéèyàn bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò lójú gbogbo ayé. Alhaji, pẹ̀lú agbádá?

Mi ò bá ẹ̀rọ síkáànù tó ń ka àìsàn mọ́tò jà o. Láti 1996 ni Amẹ́ríkà ti ní kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ ní ihò OBD-II tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ náà bọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo kóòdù P0335. Ohun tó ń wí ni pé ìròyìn ò dé dáadáa láti ojú ọ̀nà sẹ́ńsọ̀ tó ń ka bí kíráńkì ṣe ń yí. Ojú ọ̀nà ló wí. Sẹ́ńsọ̀ wà lójú ọ̀nà yẹn, wáyà tí eku jẹ náà wà níbẹ̀. Mẹkáníìkì ka kóòdù tán, ó ra sẹ́ńsọ̀. Mọ́tò ò jí. Ó ra òmíràn. Eku wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ara tù ú.

Ìjọba náà ń wo òkè láìwo ìsàlẹ̀. Nítòsí Ìsẹ́yìn ni ìdídò Ìkẹ́rẹ́ Gorge wà, ìjọba Shehu Shagari ló gbé e dìde níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Wọ́n ní iná yóò máa ti ibẹ̀ wá. Omi kún, apẹja ń rí ti ẹnu wọn, iná ò tàn. Fún bí ogójì ọdún, kíìkì ló ń kíìkì; ikọ̀ àbẹ̀wò á dé, wọ́n á bá omi ya fọ́tò, wọ́n á ní omi pọ̀.

Fúúsì pọ́ǹpù ló jó lára mọ́tò Alhaji. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ló rí i. Ṣùgbọ́n Alhaji ti pe ọmọ rẹ̀ l'Ékòó pé bíréènì-bọ́ọ̀sì ni, owó sì ti wọlé. Ta ló fẹ́ tún pè é pé fúúsì ni? Ọ̀gá mẹkáníìkì, ọmọ ayé, fojú pa ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lẹ́nu mọ́. "Alhaji, a ti bá bíréènì-bọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀." Owó jáde, ẹ̀rín gba ẹnu Alhaji. Fúúsì kì í déédéé jó o. Wáyà kan ti bó lábẹ́ àga ẹ̀yìn, irin ló ń fara kàn, kò sì sẹ́ni tó wò ó. Mọ́tò tún kú lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn, lẹ́yìn Òtu. Gbogbo ẹni tó bá yà láti ràn án lọ́wọ́ ni Alhaji ń kìlọ̀ fún pé kí wọ́n má ṣí àpótí fúúsì yẹn o, àìsàn ọpọlọ ni mọ́tò òun ń bá fà á.