Gíríìdì, Ta Ló Ṣépè fún Ẹsẹ̀ Rẹ?

Gíríìdì, mo kí ọ. Mo tètè kí ọ nígbà tí o ṣì wà lórí ìdúró, nítorí n ò mọ̀ bóyá o máa bá mi dé ìparí ìpínrọ̀ yìí. Ìwọ tí o so iná gbogbo Nàìjíríà pọ̀, ọmọ onírin gàgàrà tó gba oko olóko kọjá, tí kò fún olóko ní iná gílóòbù kan. A-ṣubú-ní-Jẹ́bà-kí-ará-Ìjẹ̀bú-máa-wá-ìṣáná. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ìwọ, bí o bá ṣubú, ìgbìmọ̀ olùṣèwádìí lo máa ń wò.

Lọ́dún 2024 nìkan, iye ìgbà tí o dojú bolẹ̀ ju mẹ́wàá lọ. Ẹ gbọ́ ti oṣù kẹwàá ọdún náà. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá, tí àwọn èèyàn ń wá ajé, o ṣubú. Wọ́n ń gbé ọ dìde lọ́wọ́, Ìṣẹ́gun dé, o ò ṣẹ́gun, o tún lọ ilẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlógún, tí gbogbo Èkó ń lọ aṣọ òde lọ́wọ́, o ṣubú lẹ́ẹ̀kẹta. Ọ̀mùtí àdúgbò wa tí gbogbo ayé ń bú kì í ṣubú tó bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, òun sì rèé, owó ara ẹ̀ ló fi ń mutí. Ìwọ, àwa là ń sanwó fún ọ.

Kí wọ́n má baà ní mo bú ọ láìmọ ìdí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣe ọmọkùnrin yìí. Gbogbo ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún un, láti Kainji lójú odò Ọya títí dé Ẹ́gbìn lẹ́bàá Ìkòròdú, pa pọ̀ ni wọ́n ń yí. Iná gbọ́dọ̀ lọ kó bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò gbọdọ̀ fi nǹkan gidi lé, kò gbọdọ̀ fi nǹkan gidi dín. Ẹ̀rọ Ẹ́gbìn ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ti Kainji tí omi ń yí, ara rẹ̀ wúwo, kò yára tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ 50 kan náà ni wọ́n jọ ń gbé jáde. Bí iná tí à ń lò bá ju èyí tí wọ́n ń pèsè lọ, gbogbo wọn á fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìlò bá dín lójijì, gbogbo wọn á bẹ́ sí eré.

Ẹ ti rí àwọn tó ń jó gbé pósí lóde òkú l'Ékòó: ọkùnrin mẹ́fà, ìbọ̀wọ́ funfun, awò dúdú lójú, fèrè ń dún níwájú. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹsẹ̀ kọ, pósí á tẹ̀. Àwọn márùn-ún yòókù á tètè ki èjìká bọ̀ ọ́, ijó ń lọ. Ìyẹn ò le, kò sẹ́ni tó ń rìn tí kì í fẹsẹ̀ kọ. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ń bàjẹ́ ni ìgbà tí àwọn mẹ́ta iwájú bá ń fì sọ́tùn-ún, tí àwọn mẹ́ta ẹ̀yìn ń fì sósì, tí fífì kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ, tí ẹ̀kẹta tún ju èkejì lọ. Ẹbí òkú á kọ́kọ́ rò pé ijó tuntun ni, wọ́n á máa náwó. Ìgbà tí ìdérí pósí bá ṣí ni wọ́n á tó mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń rí lórí wáyà. Ẹ̀rọ tòkè ń tì, ẹ̀rọ tìsàlẹ̀ ń fà, wáyà gígùn 330 kilovolt wà láàárín wọn, agbára ń fì lọ ń fì bọ̀. Gbogbo yín lẹ ní sítẹ́bíláísà lẹ́yìn fíríìjì. Àwọn ẹ̀rọ ńlá náà ní tiwọn: ohun kékeré kan tó ń kíyè sí fífì náà, tó sì ń ti ẹ̀rọ sí òdìkejì títí ara á fi balẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ yí i kó bá wáyà tó wà níta mu. Èyí tí wọn ò yí dáadáa, tàbí tí wọ́n pa, ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Gíríìdì, fífì kọ́ ni mo tìtorí ẹ̀ bú ọ. Ìwà àpà rẹ ni. Ká ní 4,400 megawatt lo gbé lónìí. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo nínú mẹ́fà tó wà ní Ẹ́gbìn ń gbé 220 jáde bí ara rẹ̀ bá dá. Ìdá kan nínú ogún nìyẹn. Bí ẹ̀rọ yẹn bá kú lójijì, àwọn yòókù gbọ́dọ̀ gba ẹrù rẹ̀ kí èèyàn tó sín lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí àwọn ẹ̀rọ kan má lo gbogbo agbára wọn, kí wọ́n fi díẹ̀ pamọ́ sára de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwọ náà ní i, lórí ìwé. Bí ìṣirò ojoojúmọ́ bá jáde, ohun tó máa ń wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ni òdo. Òdo! Alájọ tó kówó sá lọ pàápàá, ó fi káàdì sílẹ̀.

Ẹ má dá ẹ̀rọ lẹ́bi o. Iná tí ilé iṣẹ́ bá fi ránṣẹ́ ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún un, owó ọ̀hún gan-an kì í tètè dé. Ta ni yóò wá fi agbára pamọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní sanwó fún? Gáàsì alára ò tó. Lára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, nǹkan kan tún wà tí wọ́n ń pè ní gómìnà, òun ló ń mú kí ẹ̀rọ tẹ̀ síwájú tàbí kó fà sẹ́yìn bí ìlò bá yí padà. Òfin gíríìdì ní kí wọ́n tú u sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ló dè é mọ́lẹ̀. Nínú gbogbo gómìnà tó wà ní Nàìjíríà, ọ̀kan ló dìídì fẹ́ ṣiṣẹ́, òun náà ni wọ́n dè.

Nítorí náà, bí ẹ̀rọ kan bá kú, 50 á di 49, á forí lé 48. Ẹ̀rọ kejì á ní òun ò ní bá ẹnikẹ́ni kú, á yọ èjìká. Ẹ̀kẹta á wo èkejì. Òṣogbo, ìlú aláró, ni àwọn tó ń darí rẹ wà, fóònù ni wọ́n sì ti ń lò látọjọ́ pípẹ́ láti máa bi àwọn ilé iṣẹ́ pé mélòó ni wọ́n ń gbé jáde báyìí. Kọ̀ǹpútà tó yẹ kó máa fi gbogbo rẹ̀ hàn wọ́n lójú kan náà, wọ́n ti dáwọ́ lé e ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kí ẹni tó wà ní Kainji tó sọ pé "Hẹ́lò", ilẹ̀ ti ṣú láti Èkó dé Màídúgùrì.

Èyí tó tún pa mí lẹ́rìn-ín ni pé oúnjẹ púpọ̀ náà ń pa ọ́. Ìjì òjò bá jà nírọ̀lẹ́, igi wó lu wáyà àdúgbò, àwọn tó ń pín iná bá paná kí ó má baà gbé ẹnikẹ́ni. Ìlò já wálẹ̀ lójijì, àwọn ẹ̀rọ bá sáré kọjá 51, wọ́n já kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ebi pa ọ́, o ṣubú. O yó, o ṣubú.

Ìwọ ò mọ ohun tí ìṣubú rẹ ń fi ojú wa rí. Ọkùnrin kan wà lórí àga onígbàjámọ̀ ládùúgbò wa lọ́jọ́ kan tí o lọ ilẹ̀. Apá ọ̀tún orí ẹ̀ ti dán, tòsì ṣì kún fọ́fọ́. Onígbàjámọ̀ fa okùn jẹnẹrétọ̀ títí, kò sí epo nínú ẹ̀. Ilé àna ni ọkùnrin yìí ń lọ. Ó dé fìlà lé e, ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá ìyàwó, fìlà bá yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ìyá wo orí, ó wo ọmọ ẹ̀, ó ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣe nǹkan dé ìdajì ni?"

Àwọn amòfin rẹ á ní ṣebí Òyìnbó náà ń ṣubú. Òótọ́ ni. Lọ́jọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2025, díẹ̀ lẹ́yìn aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán, iná kú ní gbogbo Spéìnì àti Pọtogí tó wà lórí ilẹ̀ ńlá. Nǹkan bí ìdajì wákàtí ṣáájú, iná ti ń fì. Wọ́n pa fífì náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe láti pa á rọlẹ̀ wà lára ohun tó gbé fólítéèjì sókè. Fólítéèjì ga jù, àwọn ilé iṣẹ́ iná bá ń já kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan títí gbogbo rẹ̀ fi dákẹ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tí iná fi padà. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ wọn ti jáde, tó ka ìṣubú náà ní ìṣẹ́jú àáyá sí ìṣẹ́jú àáyá. Kò síbi tí wọn kì í dáná alẹ́, ọbẹ̀ ló kàn dùn ju ara wọn lọ. Tìẹ, kí a tó parí ìwádìí èyí, o ti fún wa ní méjì míì láti wádìí.

O sì lójú aájò! Wáyà rẹ ti ń gbé iná láti Ìkẹjà lọ sí Ìṣàkẹ́tẹ́ ní ilẹ̀ Benin, Kútọnu àti Lómé ń jẹ níbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, wọ́n so ọ́ pọ̀ mọ́ ti àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà yòókù fún wákàtí mẹ́rin láti dán an wò. O ò ṣubú, mo yìn ọ́. Ṣùgbọ́n bí pósí bá ṣe gùn tó ni fífì rẹ̀ ṣe ń gbòòrò tó. Bí o bá tún fẹ́ jáde lọ sí Dakar, fi nǹkan sápò.

Àwa náà ò mọ́. Ẹ̀yin ọdẹ tó ń dáná sun ìgbẹ́ lábẹ́ wáyà, ẹ̀yin tó ń tú irin ẹsẹ̀ òpó lóru lọ tà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, ẹ̀yin lẹ tún ń kọ́kọ́ pòṣé bí iná bá lọ. A jí ẹsẹ̀ ẹni, a tún ń bi í pé kí ló dé tí kò lè dúró.

Síbẹ̀, àgbàrá òjò kò ní òun ò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Ẹ̀rọ á máa kú, igi á máa wó, iná á máa fì, títí ayé. Ẹ sanwó fún ẹni tó bá fi agbára pamọ́, ẹ tú gómìnà sílẹ̀, ẹ parí kọ̀ǹpútà Òṣogbo. Títí dìgbà yẹn, Gíríìdì, bí o bá padà dé tí o gbọ́ tí àwọn ọmọ àdúgbò ń kígbe "Ọ́ọ̀p NEPA!", tí wọ́n ń pe orúkọ tí ìjọba ti pa rẹ́ láti 2005, má ṣe yọ̀. Wọn ò yìn ọ́. Ẹnu ló yà wọ́n.