N Ò Tú U Rí

Ìwé ètò ìsìnkú bàbá wa ni mo ń tẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí kọ̀ǹpútà mi kọ́kọ́ dákú. Mo ti bá oríkì dé ibi tó dùn, ni ojú rẹ̀ bá ṣàdédé di búlúù, àmì ojú kan sì yọ níbẹ̀ tó fà ro bí ti ọmọ tí wọ́n já àkàrà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà ń gòkè lábẹ́ rẹ̀: 20, 60, 100. Ó kú fin-ín. Ó tún tan fúnra rẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

NEPA ni mo kọ́kọ́ bú. Bátìrì inú laptop náà kún o, iná ò sì sí látàárọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pẹ́ n'Íbàdàn, NEPA ni yóò bú ná kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú.

Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, ó ń dákú lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Mo wá fara balẹ̀ ka ohun tó ń kọ sísàlẹ̀: MEMORY_MANAGEMENT. Inú mi dùn. Memory ṣáà ni, mo mọ̀ ọ́n. Bí memory fóònù bá kún, ṣebí fọ́tò là ń pa rẹ́? Mo jókòó tì í lóru, mo pa fọ́tò ìgbéyàwó rẹ́, mo pa fídíò ìkómọ àbígbẹ̀yìn wa rẹ́, mo tún wọ inú Recycle Bin, mo gbá a mọ́ kanlẹ̀. Àṣé memory tí ẹ̀rọ náà ń ké lé lórí kì í ṣe yàrá tí à ń kó ẹrù sí rárá. RAM ni: orí tábìlì tó ń tẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, tó sì máa ń ṣófo gbàrà tí a bá ti pa á. Kò sí ìkómọ kankan lórí tábìlì yẹn. Ìyàwó mi ò tíì béèrè fídíò náà. Mo ń gbàdúrà.

Ẹnu ìyà yìí ni mo wà tí ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024 fi bá mi. Mo tan tẹlifísàn, mo rí ojú búlúù mi gan-an ní àwọn pápákọ̀ òfuurufú òkè òkun, èrò dúró gbagidi, bàálù ò gbéra. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń retí ìwé ètò: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò rí i báyìí? Gbogbo ayé ló ń ṣe!" Microsoft ní kọ̀ǹpútà tó kàn tó mílíọ̀nù 8.5, àtúnṣe alábùkù kan tó wọnú ètò aláàbò tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lò ló fà á. Ètò yẹn ò dé inú laptop tèmi rí. Mi ò sọ ìyẹn fún ẹ̀gbọ́n mi. Òun náà sì dá mi lóhùn: "Ṣé pápákọ̀ òfuurufú ló ń bá wa tẹ ìwé ìsìnkú Bàbá ni?" Lọ́jọ́ kejì, ó gbé iṣẹ́ náà fún onítẹ̀wé kan ní Mọ́kọ́lá.

Mo fi ìbínú fọ Windows dànù, mo tún òmíràn fi sí i. Nígbà tílẹ̀ mọ́, kí n tó fi Word sí i pàápàá, ọmọ tí wọ́n gba àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀ ti tún yọjú.

Bí mo ṣe gbé e dé Computer Village n'Íkẹjà nìyẹn. Ọmọkùnrin kan gbà á lọ́wọ́ mi.

"Bàbá, ṣé ẹnì kankan ti tú u rí?"

"Rárá o. N ò tú u rí."

Ó dà á dojú bolẹ̀. Súkúrù mẹ́wàá ló wà nídìí rẹ̀. Mẹ́sàn-án dúdú, wọ́n kéré bí orí èèrà. Ìkẹwàá funfun, ó yọrí síta, nítorí ti rédíò kékeré mi ni. Ojúlówó rẹ̀ ti wà lábẹ́ àga kan nílé láti oṣù Kẹfà, láti ìgbà tí mo ra RAM tòkunbọ̀ oní-8GB lórí àtẹ, tí mo ná an dé ìdajì iye tí wọ́n pè é, tí mo rò pé èmi ni mo jèrè. Mo wo fídíò kan lórí YouTube, mo tú ìdí laptop, mo ti RAM náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ èyí tó bá a wá. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń sáré bí ẹṣin.

Ọmọ náà ò wí nǹkan kan. Ó yọ RAM méjèèjì, ó fi ìrésà nu eyín wúrà wọn, ó dá wọn padà, ó tẹ mdsched. Kọ̀ǹpútà kú, ó tan, ojú rẹ̀ di búlúù. Mo fò sókè: "Ó ti tún dé!"

"Bàbá, ẹ jókòó. Búlúù ti dókítà nìyí."

Búlúù dókítà kò pẹ́ tó fi kọ ọ́ pé ara ẹ̀rọ ò dá. Ó yọ tèmi, ó dán èyí àtilẹ̀wá wò nìkan: kò sí nǹkan kan. Ó fi tèmi nìkan sí ihò ìyẹn: wàhálà.

"Ihò ò ṣe nǹkan kan. RAM yìí ló ti kú lápá kan. Bí ilé tí yàrá kan ń jò ni. Bí àlejò ò bá pọ̀, ẹ ò ní sun ibẹ̀. Ta ló fi í sí i?"

"Àbígbẹ̀yìn mi ni."

"Ọmọ ọdún mélòó?"

"Mẹ́rin."

Ó fi súkúrù rédíò náà lé mi ní àtẹ́lẹwọ́, ó sì gbójú sápá kan.